Igi Tó Ń Rìn: Bí A Ṣe Ń Wá Kòkòrò Ajọgi Nínú Igbó Èkìtì, Tí A Sì Ń Dá Ẹ̀yà Rẹ̀ Mọ̀

Ọgbà kòkó bàbá mi ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀ka gbígbẹ kan tó sùn sórí ewé, mo fẹ́ yọ ọ́ dànù, àfi bí ẹ̀ka ṣe gbé ẹsẹ̀ kan, tó gbé èkejì, tó ń bá tirẹ̀ lọ jẹ́jẹ́. Mo kó o sínú páálí ìṣáná, mo gbé e sójú fèrèsé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èèrà ti ṣe é tán, ẹsẹ̀ méjì péré ló ṣẹ́ kù. N kò kọ ọjọ́, n kò ya fọ́tò, n kò mọ ewé tó ń jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí pé irú èwo ni, n kò ní èsì. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí òun ni mo kọ èyí fún: akẹ́kọ̀ọ́, tíṣà bíi tèmi, àgbẹ̀, ọdẹ, àti ẹni tó kàn fẹ́ràn kòkòrò.

Ajọgi ni n óò máa pè é níhìn-ín, nítorí pé igi ló jọ. Àwọn onímọ̀ ń pe gbogbo ìran rẹ̀ ní Phasmatodea, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó túmọ̀ sí iwin, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Ẹ̀yà tí wọ́n ti fún lórúkọ káàkiri ayé ti lé ní 3,000. Bí àwọn àgbà ìlú yín bá ní orúkọ tiwọn fún un, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é gan-an, ẹ fi àmì ohùn sí i, ẹ sì kọ ìlú tí ẹ ti gbọ́ ọ. Ara ẹ̀rí ni.

Kí ẹ tó wọgbó

Ohun èlò kò pọ̀. Tọ́ọ̀ṣì tí a ń dè mórí, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo. Bàtà rọ́bà gígùn, nítorí paramọ́lẹ̀ kì í yàgò fún ènìyàn, inú ewé gbígbẹ ló ń sùn sí, àwọ̀ ewé náà ló sì ní. Agboòrùn kan tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ike olómọrí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ ti lu ihò wẹ́wẹ́ sí, rúlà, ìwé, fóònù, àti awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Pẹ́ńsù ni kí ẹ mú, ẹ fi báírò sílẹ̀ nílé. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Bó bá jẹ́ oko ẹlòmíràn, ẹ tọrọ àyè. Bó bá jẹ́ igbó ìjọba, irú èyí tó wà ní apá Ìsẹ̀-Èkìtì níbi tí ìnàkí ṣì wà, ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń rí sí igbó ní ìpínlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Ẹ má dá lọ lóru. Ẹ sọ fún Amọ̀tẹ́kùn àdúgbò, kí ẹ sì mú ọdẹ tó mọ igbó náà dání. Bàbá ọdẹ tó máa ń mú mi lọ bi mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Tíṣà, ṣé ẹran lò ń wá ni àbí igi?" Mo ní, "Bàbá, igi tó ń jẹun ni mò ń wá o." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní, "Ugi tí ń jẹun! Ìwé yín yìí mà pọ̀ o." Àwọn náà ni wọ́n padà rí èyí tó gùn jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo ní, nítorí ojú ọdẹ ti mọ ohun tí kò yẹ kó wà níbi tó wà.

Òru ni iṣẹ́

Lọ́sàn-án, ajọgi kì í ṣe nǹkan kan ju kó dúró lọ. Òru ló ń jẹun, òru ló ń rìn, òru ló ń wá ọkọ tàbí aya. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní bí aago mẹ́jọ alẹ́, ní ìgbà òjò tí ewé tútù pọ̀. Etí igbó àti ẹ̀bá ọ̀nà oko dára ju àárín igbó lọ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, nítorí ewé ibẹ̀ kò ga, ojú sì lè tó o. Òkè Ẹ̀fọ̀n, ọ̀nà Ìkógòsì, ẹ̀bá Arinta ní Ìpólé, gbogbo ibi tí igbó ti sún mọ́ àpáta àti omi ló dára. Bí ẹ bá dé Ìkógòsì tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn gba gbogbo ojú yín. Ẹ wo ewé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń wò ó nìyí. Ẹ má wá kòkòrò, ẹ kò ní rí i. Ẹ kọ́kọ́ wá ewé tí wọ́n ti jẹ láti etí wọnú, tí ojú jíjẹ náà ṣì tutù. Ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bóyá ìgbẹ́ kéékèèké gbígbẹ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ etí, kí iná má gba iwájú wá, ẹ̀gbẹ́ ni kó gbà, kí òjìji nǹkan lè bọ́ sórí ewé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Igi kì í ní òjìji ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà mìíràn atẹ́gùn kò fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ óò rí ẹ̀ka kan tó ń mì síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń tòògbé. Òun nìyẹn, ó ń ṣe bíi pé atẹ́gùn ló ń mì òun.

Ẹni tí kò lè jáde lóru lè lo agboòrùn. Ẹ ṣí i, ẹ yí i padà sábẹ́ igbó kékeré kí inú rẹ̀ kọjú sókè, ẹ fi ọ̀pá lu ẹ̀ka náà lẹ́ẹ̀méjì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kì í ṣe ìlù bàtá. Ohun tó bá já sínú agboòrùn, ẹ ní sùúrù ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀ka tòótọ́ á dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ajọgi náà á dùbúlẹ̀, tí yóò káwọ́ ká ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n yóò sú u, yóò dìde.

Ẹ má fà á ní ẹsẹ̀ láéláé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ibi tó ti ń já fúnra rẹ̀ tí ọ̀tá bá dì í mú. Bó bá ṣì jẹ́ ọmọdé, òmíràn á hù nígbà tó bá bọ́ awọ, ṣùgbọ́n ó máa ń kéré ju ti tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sì lọ fi irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọn gígùn yóò kọ irọ́ sínú ìwé láìmọ̀. Ìwo rẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà níwájú orí rẹ̀, ń ṣe ohun tó yani lẹ́nu ju ìyẹn lọ: nínú irú kan tí wọ́n ń sìn ní yàrá ìwádìí, Carausius morosus, wọ́n ti rí i pé ìwo tó gé lè padà hù bí ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sí iwájú rẹ̀, ẹ tọ́ ọ díẹ̀ ní ìdí, yóò gun ọwọ́ yín fúnra rẹ̀. Èyí tí mo mọ̀ lọ́dọ̀ wa kì í ta, kì í sì í bunijẹ, ṣùgbọ́n kí ẹ má gbé e sún mọ́ ojú. Ọ̀kan wà ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó ń tu omi tó ń ta sójú ènìyàn, tí ẹni náà kò ní gbàgbé.

Ṣé òun ni lóòótọ́?

Àwọn méjì ló sábà máa ń tàn wá. Èkíní ni ọmọ labalábá tí ń wọ́ bí ẹni ń fi ìka wọn aṣọ, tó máa ń na ara rẹ̀ gbọọrọ lórí ẹ̀ka. Ẹ wo ìdí rẹ̀: ó ní ẹsẹ̀ rírọ̀ níbẹ̀ tó fi di ẹ̀ka mú. Ajọgi kò ní ẹsẹ̀ ní ìdí.

Èkejì ni kòkòrò tí ń ká ọwọ́ méjèèjì níwájú bí ẹni ń gbàdúrà. Òun náà gùn, òun náà tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo àyà rẹ̀, tó pín sí ọ̀nà mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ru ẹsẹ̀ méjì. Nínú ẹlẹ́bẹ̀ àdúrà yìí, ìpín àkọ́kọ́ ló gùn, òun la ń rí bí ọrùn. Nínú ajọgi, ìpín àkọ́kọ́ kúrú gan-an, èkejì àti ẹ̀kẹta ló ń gùn. Kò sí ọ̀nà tó yá ju èyí lọ, òun ni mo sì ń fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ohun kékeré kan tún wà tó dùn mọ́ mi: ìdí itan iwájú ajọgi tẹ̀ wọnú díẹ̀, bí ẹni gé oríkèé jáde. Nígbà tó bá na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì síwájú kó lè jọ igi gan-an, inú ibi tó tẹ̀ yẹn ni orí rẹ̀ ń wọ̀ sí, kò ní yọ rárá.

Ẹ kọ ọ́ níbi tó wà

Kí ẹ tó gbé e kúrò lórí ewé, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ya mẹ́rin sí i: láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, orí rẹ̀ nítòsí, àti ìpẹ̀kun ìdí rẹ̀ láti abẹ́, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fọ́tò ìdí yẹn ni gbogbo ènìyàn máa ń gbàgbé, òun sì ni ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yóò kọ́kọ́ béèrè.

Nínú ìwé, ẹ kọ orílẹ̀-èdè, ìpínlẹ̀, ìlú, ibi pàtó, nọ́ńbà tí fóònù bá fún yín fún ibi náà (Ìkógòsì á fún yín ní nǹkan bí 7.58 àríwá, 4.98 ìlà-oòrùn), ọjọ́, aago, igi tó wà lórí rẹ̀, àti orúkọ ẹni tó rí i. "Èkìtì" nìkan kò tó. "Igbó" kò tó. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ igi náà, ẹ já ewé rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ka, bó bá ní òdòdó ẹ mú òdòdó, ẹ fi ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ kó gbẹ. Èyí tí ẹ óò sọ sínú ọtí ìpamọ́ (ẹ́tánóòlù), ẹ fi pẹ́ńsù kọ lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kí ẹ sì sọ lébẹ́ẹ̀lì náà sínú ìgò pẹ̀lú rẹ̀. Ọtí máa ń fọ báírò kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ óò kàn bá ìwé funfun nínú ìgò ni.

Ẹ sìn ín kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń fò. Ajọgi kan ṣoṣo tí ẹ bá mú kì í sọ gbogbo ìtàn. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn rán ilé fún un. Kí ilé náà ga tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn rẹ̀, nítorí nígbà tó bá fẹ́ bọ́ awọ, yóò so ara rẹ̀ rọ̀ lókè, yóò sì yọ́ jáde sísàlẹ̀ nínú awọ àtijọ́. Bí àyè kò bá tó, yóò há, yóò yarọ. Ẹ ki ẹ̀ka irú ewé tí ẹ bá a lórí rẹ̀ bọ inú ìgò omi, ẹ fi òwú dí ẹnu ìgò kí àwọn ọmọ má lọ rì síbẹ̀. Bí ewé yẹn bá ṣòro láti rí, ẹ dán ewé gúáfà wò. Ọ̀pọ̀ lára wọn kì í kọ̀ ọ́. Ẹ wọ́n omi sára ewé lálẹ́ kó lè mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa gbá ìsàlẹ̀ ilé náà pẹ̀lú sùúrù, nítorí ẹyin. Ẹyin ajọgi kò jọ ẹyin, èso ló jọ. Ọ̀pọ̀ abo kàn máa ń jẹ́ kó já bọ́ láti òkè ni, tó ń ró tó bí òjò díẹ̀díẹ̀ lórí ewé gbígbẹ. Àwọn kan ń rì í mọ́lẹ̀, àwọn kan ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀ka. Ẹ gbé ọ̀kan sábẹ́ awò. Ẹ óò rí i pé ó ní ọmọrí, bí ìkòkò, tí ọmọ yóò ṣí tó bá fẹ́ jáde. Lórí ọmọrí àwọn kan, kókó ọlọ́ràá kan wà bí ọwọ́ ìdérí. Ọ̀rá yẹn ni èèrà ń fẹ́: á gbé ẹyin náà lọ sílé, á jẹ kókó náà, á sì ju ẹyin tó kù sí ààtàn rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọ̀tá kò ti ní tó o. (Èèrà tó jẹ ìyá rẹ̀ lójú fèrèsé mi ló ń bá ìran rẹ̀ tọ́mọ. Ẹ gbà mí!) Ní ẹ̀gbẹ́ ẹyin náà, àmì kan wà bí ìdodo. Bí àmì yìí ṣe rí, bó ṣe gùn tó, bí ara ẹyin ṣe dán tàbí ṣe rí págunpàgun, àwọn wọ̀nyí máa ń ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ sí èkejì nígbà tí àwọn òbí jọra bí ìbejì.

Ẹ tẹ́ ẹyin náà sórí yanrìn tó ní ọ̀rinrin díẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sára ike náà. Ó lè pa lẹ́yìn oṣù mélòó kan; ti àwọn kan ju ọdún kan lọ.

Kí ló dé tí mo fi ń yọ yín lẹ́nu lórí sísìn? Nítorí akọ àti abo. Akọ sábà máa ń kúrú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lè ní ìyẹ́ nígbà tí abo kò ní. Lọ́dún kan mo kọ "ẹ̀yà méjì" sínú ìwé mi pẹ̀lú ìdùnnú, ọ̀kan gbọọrọ, ọ̀kan bí koríko. Ní òru kẹta mo gbé tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ọ̀kan ti gun èkejì lẹ́yìn. Mo fa ìlà pa á. Ìtìjú náà kò tó ti àwọn ọ̀mọ̀wé: láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ń pe àwọn akọ kéékèèké kan nínú ìran ajọgi láti erékùṣù New Guinea ní Nanophyllium, tí wọ́n sì ń to àwọn abo ńlá kan mọ́ Phyllium. Ìgbà tí ẹyin abo bẹ́ẹ̀ pa ní Montreal, ní Kánádà, ni akọ tó jáde jẹ́ Nanophyllium. Ọdún 2020 ni wọ́n tó kọ ọ́ síta pé tọkọtaya ni wọ́n.

Bí ẹ kò bá sì rí akọ rárá, ẹ má bẹ̀rù. Àwọn ẹ̀yà kan wà tí abo wọn ń bímọ láìrí akọ, tí gbogbo ọmọ náà sì ń jẹ́ abo.

Èyí tí ẹ óò pa mọ́

N kò fẹ́ràn apá yìí, ṣùgbọ́n fọ́tò nìkan kò lè dúró nílé ẹjọ́ ìmọ̀. Akọ kan, abo kan tó, kí ẹ dá ìyókù padà síbi tí ẹ ti mú wọn. Ẹ gbé e sínú fìrísà di ọjọ́ kejì, yóò sùn lọ. Ẹ gé ẹsẹ̀ àárín kan sínú ẹ́tánóòlù 95% fún àwọn tó ń ka jiini; ègé tí wọ́n sábà máa ń kà, tí wọ́n ń pè ní COI, gùn tó 658 lẹ́tà. Ògógóró kò le tó fún iṣẹ́ yẹn, ẹ má ṣe dán an wò. Ikùn abo ńlá máa ń dúdú tó bá jẹrà, ẹ là á lábẹ́, ẹ kó ìfun jáde, ẹ fi òwú dí i. Ẹ gbẹ ẹ́ níbi tí oòrùn kò sí, ẹ fi kánfọ̀ sínú páálí rẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ tábìlì lé inú àwo omi. Èèrà kò gbàgbé mi.

Ìbéèrè tí ẹ óò bi í

Ẹ wọ̀n ọ́n láti orí dé ìdí, láìka ìwo àti ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ẹ sì wọn ìpín àyà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ṣé ó ti dàgbà? Èyí tó ń yé ẹyin ti dàgbà. Èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ṣì rí bí ewé kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lè ṣì ní bíbọ́ awọ kan níwájú. Ìwo rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó gùn ju itan iwájú lọ àbí kò tó o? Àwọn Clonaria, tó pọ̀ ní Áfíríkà, tó sì rí bí ewé koríko, ìwo wọn kúrú. Ṣé ó ní ìwo líle tàbí ẹ̀gún lórí? Ẹ yí ojúgun rẹ̀ padà sábẹ́ awò: ní ìpẹ̀kun rẹ̀, níbi tó ti fẹ́ pàdé àtẹ́lẹsẹ̀, àwọn kan ní ojú kékeré onígun mẹ́ta tó rì wọlé, àwọn kan kò ní. Kí ẹ tó ṣe èyí, ẹ mí sínú; ó kéré. Níkẹyìn, ẹ wo ìdí: bí ìpín ìkẹyìn ṣe là tàbí ṣe rí bí ẹnu ọ̀kọ̀, àti bí àwo tó gbé ẹyin dúró lábẹ́ rẹ̀ ṣe gùn tó.

Àwọ̀ kò sí nínú ìbéèrè mi, mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Ọmọ ìyá kan náà lè jẹ́ àwọ̀ ewé, kí èkejì jẹ́ àwọ̀ igi gbígbẹ.

Kí ẹ tó sọ pé "tuntun"

Orúkọ tí àgbáyé ń lò jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì, orúkọ ìdílé ṣáájú, orúkọ àbísọ tẹ̀lé e, bí onímọ̀ ará Sweden nì, Linnaeus, ṣe fi lélẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1758. Ẹ fi ohun tí ẹ kọ wé ti Phasmida Species File lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí orúkọ àti fọ́tò àwọn tí wọ́n ti mọ̀ pọ̀ sí. Ẹ gbé fọ́tò yín sórí iNaturalist pẹ̀lú, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn ti ń bá ara wọn dá ẹranko àti igi mọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Áfíríkà ni wọ́n ti sọ lórúkọ kí 1910 tó dé, tí òkú wọn sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Paris àti Berlin di òní. Ìdí nìyẹn tí "n kò rí irú rẹ̀ rí" kò fi túmọ̀ sí nǹkan kan. Bí orúkọ méjì bá wà fún ẹ̀yà kan, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi sọ ọ́ ló ń borí.

Bó bá wá jẹ́ pé ó jẹ́ tuntun lóòótọ́, ẹ má dá a gbé. Ẹ lọ bá àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹranko ní yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Adó-Èkìtì, tàbí àwọn ti ilé ohun ìṣẹ̀dá ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, tàbí àwọn tó ń ṣe ìwádìí igbó ní Ìbàdàn. Òfin orúkọ ẹranko fẹ́ kí ẹ tọ́ka sí ẹyọ kan ṣoṣo tó ru orúkọ náà, kí ẹ sọ ilé ìpamọ́ tó wà, kí ẹ kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sí àwọn ìyókù, kí ó sì jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti jáde, àfi kó ní nọ́ńbà láti ZooBank, ìwé ìforúkọsílẹ̀ orúkọ ẹranko lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè fi ìlú sọ ọ́, irú bí ekitiensis. Fífi orúkọ ara ẹni sọ ọ́ ni àwọn onímọ̀ ń fojú burúkú wò. Bí ẹnìkan lókè òkun bá ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí òun, ẹ gba ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ kí ẹ tó fi síta, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹyọ tó ru orúkọ dúró nílé.

Èyí tí Bàbá ọdẹ bá mi rí lọ́nà Ìpólé ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Abo ni, kò ní ìyẹ́, ìwo rẹ̀ kúrú, ìdí rẹ̀ kò bá fọ́tò kankan tí mo ti rí mu. Nínú ìwé mi, "Clonaria?" ni mo kọ sí i, pẹ̀lú àmì ìbéèrè. Ẹyin mọ́kànlélógún ló wà nínú yanrìn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mo ń wọ́n omi sí i lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ìyàwó mi ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá irúgbìn ni.